Bàlúùnù tó ń lọ sí 30 kìlómítà lókè: báwo la ṣe máa rí àpótí rẹ̀ gbà padà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Iowa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń kàwé, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ fi bàlúùnù ńlá, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò, gbé àpótí kékeré kan lọ sókè tó nǹkan bíi 30 kìlómítà. Kámẹ́rà máa wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ náà á wà níbẹ̀. Bí bàlúùnù bá bẹ́, páráṣúùtì á gbé àpótí bọ̀ wálẹ̀.

Gbígbé e sókè ò bà mí lẹ́rù. Bí a ṣe máa rí i gbà padà ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tó ṣáájú wa ti gbé ọ̀kan sókè rí, fóònù kan tí wọ́n fi sínú àpótí ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé pé á máa sọ ibi tó bá wà fún wọn. Kò pẹ́ tó gbéra tí fóònù dákẹ́, wọn ò sì rí àpótí náà títí dòní. Owó tó wà nílẹ̀ fún tiwa, ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Oṣù Keje la ní lọ́kàn, oko àgbàdo ló sì yí wa ká. Kí ni kí á fi máa tọpa rẹ̀? Ṣé a lè mọ ibi tó máa bọ́ sí kó tó gbéra rárá? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Rédíò_Houston

Àbúrò, o káre. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbé bàlúùnù sókè kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ lo bi yẹn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn sórí kámẹ́rà, tí wọ́n wá fi ṣẹ́ńjì tó kù ra ohun tó máa tọpa àpótí. Ẹ̀yin, ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí ẹ máa fi rí i. Àwòrán tí ẹ ò bá rí gbà padà, bí ìgbà tí ẹ ò yà á ni.

Fóònù tó dákẹ́ yẹn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Áńténà orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ilẹ̀ ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ, torí pé ilẹ̀ làwọn tó ń pè wà. Bí àpótí bá ti lọ sókè dáadáa, fóònù ò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dì mú mọ́. Yàtọ̀ síyẹn, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti fóònù ní Amẹ́ríkà, ní òfin kan, 22.925 ni nọ́ńbà rẹ̀, tó ní kí fóònù alágbèéká má ṣe ṣiṣẹ́ nínú bàlúùnù tó bá wà lójú òfurufú.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT méjì lo fóònù lọ́dún 2009, ó sì bọ́ sí i. Òótọ́ ni. Ìnáwó wọn ò ju nǹkan bíi dọ́là 150 lọ: kúlà fóòmù, kámẹ́rà Canon kékeré kan àti fóònù tó ní GPS. Ó gòkè tó 28 kìlómítà, wọ́n sì rí i gbà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n agbègbè Worcester ni àpótí wọn bọ́ sí, ìlú ńlá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ sí. Wá wo ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Stanford kan tó gbé tiwọn sókè ní Arizona, nítòsí Grand Canyon, ní oṣù Kẹfà ọdún 2013. Wọ́n ṣe ìṣirò wọn dáadáa kó lè bọ́ síbi tí máàpù sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Máàpù ò péye. Fóònù ò fọhùn rárá nígbà tó balẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni àpótí wà nínú aṣálẹ̀ kí ẹni tó ń rìn kiri ibẹ̀ tó ṣèèṣì rí i. Iléeṣẹ́ fóònù sì ni ẹni náà ń bá ṣiṣẹ́, òun ló fi fi síìmù inú rẹ̀ wá àwọn tó ni ín kàn.

Àwòrán wọn dára gan-an, mo ti wò ó. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ dúró fún ọdún méjì?

Afẹ́fẹ́Lẹ́lẹ́

Ojú ọjọ́ ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ibi tó máa bọ́ sí.

Àpótí yẹn ò ní ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn ló ni ín láti ìgbà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín. Torí náà, ẹni tó bá mọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tó sì mọ bí bàlúùnù ṣe máa yára gòkè sí, á mọ ibi tó ń lọ. Ìṣirò yìí ni predictor, ètò àsọtẹ́lẹ̀ tó wà lórí ìkànnì SondeHub, ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Inú GFS ló ti ń mú àsọtẹ́lẹ̀ atẹ́gùn, ìyẹn àsọtẹ́lẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe tuntun ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ ó sọ ibi tí ẹ ti ń gbé e sókè, aago tó jẹ́, bó ṣe máa yára gòkè, gíga tí ẹ retí pé á ti bẹ́, àti bó ṣe máa yára bọ̀ nígbà tó bá fẹ́ kanlẹ̀. Á fa ìlà rẹ̀ sórí máàpù fún yín. Mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gòkè. Èyí túmọ̀ sí pé yóò lo nǹkan bíi wákàtí kan àti 40 ìṣẹ́jú kó tó dé 30 kìlómítà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlà yẹn láti bí ọjọ́ márùn-ún sí i. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ wò ó. Bí ó bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ojú ọjọ́ ò tíì fìdí múlẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi ọkàn sí i. Bó bá ti ń wà lójú kan náà, ẹ lè máa palẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ jù ni gáàsì. Bí gáàsì bá kéré, bàlúùnù á máa rọra gòkè, atẹ́gùn á rí àyè gbé e jìnnà. Bó bá pọ̀ jù, á yára gòkè, ṣùgbọ́n á bẹ́ kó tó dé ibi tí ẹ fẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn láti wọ̀n ọ́n ni pé kí ẹ mú gálọ́ọ̀nù, kí ẹ bu omi sí i títí ìwúwo rẹ̀ á fi bá ìwúwo ẹrù yín mu, kí ẹ wá fi iye agbára tó máa fà á gòkè kún un. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ so gálọ́ọ̀nù mọ́ ẹnu bàlúùnù. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò nílẹ̀, tí kò gòkè, tí kò sì padà sílẹ̀, ẹ ti ẹnu sílíńdà pa. Inú ilé tàbí ẹ̀yìn ògiri ni kí ẹ ti ṣe é, torí atẹ́gùn díẹ̀ báyìí á ti bàlúùnù sẹ́gbẹ̀ẹ́, gálọ́ọ̀nù á sì máa parọ́ fún yín.

Ó ku ti oṣù Keje. Atẹ́gùn oṣù Keje dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Títí dé bíi 15 kìlómítà, apá ìlà oòrùn ló máa ń gbé bàlúùnù lọ ní agbègbè yín. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, bó bá ti kọjá nǹkan bíi 20 kìlómítà, atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́ padà sí ìwọ̀ oòrùn, á sì dá àpótí padà sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Nígbà òtútù, ìwọ̀ oòrùn ni gbogbo rẹ̀ ti ń fẹ́ wá, àpótí lè bọ́ síbi tó lé ní 150 kìlómítà sí yín. Àgbàdo ni ìṣòro oṣù Keje. Ó ti ga ju èèyàn lọ nígbà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iowa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ gálọ́ọ̀nù omi yẹn, ó yé mi yékéyéké.

Ẹ̀gbọ́n Rédíò_Houston, bí a bá ní kí á fi fóònù sílẹ̀, kí wá ni kí á lò? Mo ń gbọ́ APRS, mo ń gbọ́ SPOT. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tún ní gbogbo GPS ló ń kú bó bá ti kọjá 18 kìlómítà. Ṣé òótọ́ ni?

Rédíò_Houston

Ọ̀rọ̀ GPS ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Òfin àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi ń dènà kí ẹnikẹ́ni má fi GPS ọjà darí ohun ìjà. Ó ní kí GPS dákẹ́ bó bá kọjá 18 kìlómítà lókè, tó sì tún ń sáré ju mítà 515 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bàlúùnù ò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó ń ṣe GPS ka gíga nìkan sí, tiwọn á dákẹ́ ní 18 kìlómítà lóòótọ́. Ẹ wá èyí tí ilé tó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lókè. U-blox ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Bó ṣe ń tinú páálí jáde, 12 kìlómítà ló mọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ sí airborne mode, ìyẹn ti ohun tó ń fò, á ṣiṣẹ́ dé 50 kìlómítà. Àwọn GPS kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá já tó sì padà, wọ́n á gbàgbé ohun tí ẹ sọ fún wọn. Kí tracker yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọpa àpótí, máa tún un sọ lóòrèkóòrè.

APRS wá ńkọ́? Ọ̀nà tí àwọn onírédíò fi ń rán ibi tí nǹkan wà síra wọn ni. Rédíò tracker á máa rán ibi tó wà, gíga rẹ̀ àti eré rẹ̀ jáde lórí 144.39 MHz. Káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn onírédíò ham, ìyẹn àwọn tó ń lo rédíò fún ìfẹ́ ara wọn, ti gbé ẹ̀rọ sílé tó ń gbọ́ ọ tó sì ń sọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 30 kìlómítà lókè, ojú ìlà ọ̀run jìnnà tó 600 kìlómítà, torí náà ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan á máa gbọ́ yín pọ̀. Nítorí èyí, ẹ má ṣe sọ pé kí ẹ̀rọ mìíràn tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fi àṣẹ àtúnsọ WIDE1-1,WIDE2-2 sí i bíi ti ọkọ̀ ilẹ̀, ẹ ó dí ọ̀nà mọ́ gbogbo èèyàn. WIDE2-1, tó ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan, ti tó.

O nílò láísẹ́ǹsì fún èyí. Ti Technician ni àkọ́kọ́: ìdánwò ìbéèrè 35 ni, bí o bá gba 26 o ti yege, owó FCC sì jẹ́ dọ́là 35. Bí ẹnì kan bá ní in nínú ẹgbẹ́ yín, ó tó. Kò yẹ kó gbà ọ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ láti kàwé fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí o. APRS dára lókè, ṣùgbọ́n bí àpótí bá ti sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn òkè kékeré tàbí sínú igi, àwọn ẹ̀rọ ilé tó jìnnà ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ ọ kẹ́yìn, ó lè ṣì wà ní bíi mítà 500 lókè. Torí náà ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ ní rédíò àti áńténà Yagi, èyí tí a ń dojú rẹ̀ kọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀, nínú ọkọ̀, kí ẹ lè gbọ́ ọ tààrà nígbà tí ẹ bá súnmọ́ ọn.

Kí tracker èkejì jẹ́ ti sátẹ́láìtì, bíi SPOT. Ó lè dákẹ́ lókè, ìyẹn ò ṣe nǹkan, ilẹ̀ la fẹ́ kó ti ṣiṣẹ́. Bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀, àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ẹ sì ṣọ́ ojú rẹ̀: bí ojú SPOT bá dà bolẹ̀ nígbà tí àpótí balẹ̀, kò lè rí sátẹ́láìtì kankan. Ẹ ṣe é kó lè dojú kọ òkè ní ẹ̀gbẹ́ yòówù tí àpótí bá fi sùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ ju àpótí sílẹ̀ láti orí àga lọ́pọ̀ ìgbà lórí pápá, kí ẹ máa wo ìgbà tó ń fọhùn àti ìgbà tí kò fọhùn.

Tísà_Leeds

Ẹ kú àpérò o. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama ní Leeds, a sì máa ń gbé bàlúùnù sókè pẹ̀lú wọn. Òkun ni tiwa níbí. Ẹ bá wa wo máàpù Bìrìtìkó, ẹ ó rí i pé bí atẹ́gùn bá ti ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́, North Sea ló ń gbé gbogbo nǹkan lọ. A lè ti ra gáàsì, kí àwọn ọmọ ti múra, kí ìlà orí máàpù wá fi orí sínú omi. Ká fagi lé e ni o. Mo ń sọ èyí fún ọ, àbúrò, torí ọjọ́ tí ẹ bá dá kò gbọ́dọ̀ di ohun tí ẹ ò lè yẹ̀.

CAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Bìrìtìkó, gbọ́dọ̀ fún wa láṣẹ kí bàlúùnù tó ju mítà 2 lọ tó gbéra níbí, wọ́n sì fẹ́ kí ìwé wa ti dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 28 ṣáájú, ó kéré tán. Kí ẹ̀yin náà ka Part 101, òfin bàlúùnù ti FAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà. Ó rọrùn ju tiwa lọ: bí àpótí kan ò bá kọjá páùn 6, tí gbogbo ẹrù pọ̀ ò kọjá páùn 12, tí okùn náà sì lè já bí ohun tó ní agbára páùn 50 bá kọlù ú, ọ̀pọ̀ jù nínú òfin náà ò kàn yín. Àpótí tó wúwo ju páùn 4 lọ sì tún ní ìlànà bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, kó má dà bí òkúta. Síbẹ̀, ẹ fi tó àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú létí. Èèyàn wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn.

Ibi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n Houston ti yàtọ̀ ni pé mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe tracker. Níbí, a ń lo 434 MHz láìgba láísẹ́ǹsì, agbára rẹ̀ ò ju miliwáàtì 10 lọ, a sì ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà tó jìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà torí pé kò sí ohun tó dí i lójú. Ọmọ tó bá jókòó ti waya àti sódà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ láti inú stratosphere, ìpele afẹ́fẹ́ tó ga tí bàlúùnù ń dé, ọmọ yẹn ti di ẹlòmíràn. Èmi ò lè rà á fún wọn.

Ohun mìíràn tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà: bátìrì. Òtútù ibẹ̀ máa ń dé dígírì 55 nísàlẹ̀ òdo. Bátìrì alkaline tí a ń kì sínú ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ á kú síbẹ̀. Bátìrì lithium tí kì í ṣe èyí tí a ń ṣáájì ni kí ẹ rà, ó ń ṣiṣẹ́ dé dígírì 40 nísàlẹ̀ òdo, ooru ara ẹ̀rọ yín nínú àpótí fóòmù á sì gbé èyí tó kù. Ẹ gbé gbogbo àpótí, títí kan kámẹ́rà, sínú fírísà fún wákàtí mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ohun tó bá máa kú, ẹ jẹ́ kó kú níbẹ̀.

Ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan bàlúùnù. Rọ́bà náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, òróró ara ọwọ́ ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ rò ó wò: bàlúùnù 1200 gíráàmù tí kò fẹ̀ tó mítà 2 lọ́wọ́ yín á fẹ̀ kọjá mítà 8 kó tó bẹ́. Ibi tí ìka yín bá ti bà á jẹ́ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Rédíò_Houston

Tísà, ẹ ṣeun. Mo gbọ́ yín lórí fífi ọwọ́ ara ẹni ṣe é, n ò sì takò ó. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó ẹ̀ẹ̀kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ọ̀kan, kí wọ́n ra ìkejì tí ẹlòmíràn ti dán wò. Kí méjèèjì má sì ní ohun kankan pọ̀: kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe GPS, kì í ṣe áńténà. Bí bátìrì kan náà bá ń gbé méjèèjì, tracker kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Ní Amẹ́ríkà, àbúrò, má lo 434 MHz láìní láísẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Bìrìtìkó. Ti ham ni ibẹ̀ jẹ́ níbí.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Mo kí gbogbo yín o. Físíìsì ni mò ń kọ́ ní iléèwé girama nílé. Àwọn ọmọ mi ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù mi, wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ṣé ó ṣeé ṣe ní Nàìjíríà? Bí a bá gbé e sókè ní Ìsẹ́yìn, ibo ló máa lọ?

Afẹ́fẹ́Lẹ́lẹ́

Olùkọ́, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ojú ọ̀run ilé yàtọ̀ gédégédé sí ti Iowa.

Nígbà òjò, atẹ́gùn tó wà nílẹ̀ ń ti gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn fẹ́ wá láti orí òkun. Ṣùgbọ́n kò ga púpọ̀. Ní bíi kìlómítà 3 sí 4, ẹ ó bá atẹ́gùn tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀. Ní nǹkan bíi kìlómítà 12 sí 15, òmíràn tún wà, ìlà oòrùn kan náà ló ti ń bọ̀, ó sì máa ń sáré jù ní àwọn oṣù òjò. Àpótí tó bá gbéra ní Ìsẹ́yìn lóṣù Kẹjọ, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, ọ̀nà ibodè orílẹ̀-èdè Benin. Bí ẹ bá ti Ṣakí gbé e, ibodè tún súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti òkè 20 kìlómítà lọ́hùn-ún ló tún yani lẹ́nu. Ní agbègbè tiwa, tó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, atẹ́gùn stratosphere kì í tẹ̀ lé oṣù. Yóò fẹ́ sí ìlà oòrùn fún bí ọdún kan, yóò tún yí padà sí ìwọ̀ oòrùn. Àyíká kan gbáko ń gba nǹkan bí oṣù 28. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ èṣí kò sọ ohunkóhun fún yín nípa ti ọdún yìí. Predictor ni kí ẹ máa wò.

Òtútù ilé náà le jù. Ẹ ó rò pé ibi tí oòrùn pọ̀ sí lókè rẹ̀ á gbóná. Ó yàtọ̀. Níbi tí ooru ilẹ̀ bá ti pọ̀, afẹ́fẹ́ ń gòkè jìnnà, ó sì ń tutù sí i bó ṣe ń gòkè, tó fi jẹ́ pé ní bíi kìlómítà 17 lókè wa, òtútù ń súnmọ́ dígírì 80 nísàlẹ̀ òdo. Ti Iowa ò tó bẹ́ẹ̀. Torí náà àpótí yín gbọ́dọ̀ nípọn ju tiwọn lọ.

Ti àṣẹ ńkọ́? Ẹ má gbé ohunkóhun sókè láìkọ̀wé. NCAA ló ń ṣòfin ọkọ̀ òfurufú, NAMA ló ń darí ojú òfurufú, ọ̀dọ̀ NCC sì lẹ ti máa gba láísẹ́ǹsì rédíò. Ìlànà àgbáyé tún wà pé bàlúùnù ò gbọ́dọ̀ kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba àṣẹ ibẹ̀, àyàfi kékeré tó jẹ́ ti ojú ọjọ́ nìkan. Ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé atẹ́gùn ń lọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ bá yunifásítì tó ní ẹ̀ka físíìsì tàbí ti ojú ọjọ́ kí wọ́n bá yín kọ̀wé náà. Ìwé orí pépà iléèwé girama nìkan á pẹ́ lórí tábìlì.

Ọmọ_Kétu

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló máa bọ́ sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Àgbẹ̀ tó bá rí àpótí tó ní waya àti iná tó ń ṣẹ́jú nínú oko rẹ̀ á sá ni, á sì pe ṣọ́jà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé pé ohun ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ni, pé kò léwu, kí wọ́n pe nọ́ńbà báyìí. Kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa tàbí ọsàn, má ṣe lo dúdú. Bí ẹ bá lè ya àwòrán àwọn ọmọ nínú aṣọ iléèwé lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tí ò mọ̀wé náà á mọ̀ pé ti ọmọdé ni.

Tísà_Leeds

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú àbá. Ti àwòrán ọmọ yẹn, èmi náà á ṣe é níbí.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn, kí àwọn ọmọ má kàn jókòó títí ìwé àṣẹ á fi dé. Apá tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí, orí ilẹ̀ ló wà, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kan àpótí, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dán páráṣúùtì wò láti orí ilé alájà méjì, kí wọ́n fi aago ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó balẹ̀. Mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kó máa bá kanlẹ̀. Bó bá yára jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé aṣọ tó fẹ̀ sí i. Kí ọmọ méjì gbé tracker lọ fi pamọ́ sínú igbó lẹ́yìn ìlú, kí àwọn tó kù wá a pẹ̀lú máàpù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iowa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun o. A ṣèpàdé lánàá. A ti sún un kúrò ní oṣù Keje sí ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n bá ti kórè àgbàdo. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kàwé fún Technician, èmi náà máa ṣe é. APRS la máa fọwọ́ ara wa ṣe, SPOT la máa rà. Bátìrì wọn ò pa pọ̀. Ohun kan ló kù: lọ́jọ́ náà gan-an, báwo la ṣe máa pín ara wa?

Rédíò_Houston

Ọkọ̀ méjì. Kí ọ̀kan ti wà ní agbègbè tí predictor sọ kí bàlúùnù tó gbéra, kí ó dúró síbi tó ga. Èkejì á gbé e sókè, á máa tẹ̀ lé e bọ̀. Nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń wakọ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù tàbí rédíò. Kí ẹnì kan wà nídìí máàpù, kí ẹnì kan wà nídìí rédíò. Kí ẹnì kan náà wà nílé nídìí kọ̀ǹpútà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já níbi tí ẹ bá wà, kó máa pè yín.

Bó bá bẹ́, ẹ ó rí i pé eré ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tí páráṣúùtì máa dì mú ò pọ̀ lókè. Ẹ má jáyà. Bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni á máa rọra bọ̀. Nígbà tó bá ti bẹ́, ẹ tún predictor ṣe pẹ̀lú gíga tó bẹ́ gan-an, ibi tó máa bọ́ sí á ti yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọrí sí.

Bí ẹ bá dé ẹ̀bá oko, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn àgbẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún un, ẹ fi àwòrán àpótí hàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi ọkọ̀ ara wọn gbé yín débẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà lọ pe olùkọ́ yín kó bá a sọ̀rọ̀. Bó bá há sórí igi tàbí sórí waya iná, ẹ má gùn ún. Ti waya iná, iléeṣẹ́ iná lẹ ó pè.

Nígbà tí ẹ bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ ya àwòrán bó ṣe sùn, ibi tí páráṣúùtì wà, bóyá awọ bàlúùnù tó bẹ́ ti lọ́ mọ́ okùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá pa gbogbo iná rẹ̀, kí ẹ yọ káàdì kámẹ́rà, kí ẹ da ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nínú ọkọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra.